Ẹ bá mi dá sí i: a fẹ́ máa pa aṣọ kúìlìtì wa láró, ká sì máa tẹ ọnà sí i fúnra wa

ÀkísàDọ̀ṣọ́:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Àwa márùn-ún la máa ń kóra jọ rán kúìlìtì, aṣọ ìbora tí a fi oríṣiríṣi ègé aṣọ rán pọ̀. Aṣọ tí wọ́n ti tẹ̀ láti ilé iṣẹ́ la ń gé láti ọjọ́ yìí, ó sì ti sú wa. Ọnà tó wà lára iṣẹ́ ẹnì kan náà ló wà lára ti ẹlòmíràn. A wá ní ká máa ra aṣọ funfun, ká máa pa á láró fúnra wa, ká sì máa tẹ ọnà tiwa sí i.

Èmi ni mo kọ́kọ́ dán an wò, ojú sì tì mí. Mo ra aró pupa inú páálí, mo sè é pẹ̀lú iyọ̀, mo da fíníkà sínú omi tí mo fi ṣàn án nítorí wọ́n ní òun ló ń jẹ́ kí aró dúró. Aṣọ náà jáde, ó pupa fòò. Mo gé e, mo rán an mọ́ funfun. Oṣù méjì gbáko ni mo fi rán an. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ fọ kúìlìtì ọ̀hún, gbogbo ibi tó jẹ́ lékeléke ló di àlùkò.

Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni mo ti ṣì í? Aró wo ló yẹ ká lò? Báwo ni àwa márùn-ún ṣe lè ṣe é pọ̀ láìjẹ́ pé ilé ẹni tó gbà wá lálejò á di ìkòkò aró? Títẹ ọnà ńkọ́?

ÌyáAláró:

Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ká kọ́kọ́ gba èyí tó ti bàjẹ́ là ná. Ṣé o ti gbé kúìlìtì náà sínú ẹ̀rọ tó ń fi ooru gbẹ aṣọ, tàbí o ti lọ̀ ọ́? Bí o kò bá tíì ṣe bẹ́ẹ̀, ìrètí wà. Aró tó kúrò lára pupa lọ bá funfun kò tíì dì í mú, ó kàn fara tì í ni.

Wá ọpọ́n ńlá tàbí kí o lo inú báàfù. Da omi gbígbóná kún un, èyí tó gbóná débi tí ọwọ́ kò lè gbà á pẹ́. Fi ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ abọ́ sí i, kí o wá tẹ kúìlìtì náà rì pátápátá. Má jẹ́ kí etí rẹ̀ kankan yọ sókè, torí ibi tó bá yọ ni aró á fà sí tí á sì gbẹ mọ́. Fi í sílẹ̀ fún wákàtí 12. Bí omi bá pọ́n, dà á nù, kí o tún òmíràn pọn. Ọ̀pọ̀ omi gbígbóná ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀: aró tó já bọ́ á wà nínú omi, kò ní padà sára aṣọ. Mo ti ṣe èyí tó gba ìgbà mẹ́ta kí omi tó mọ́, nítorí náà má sọ̀rètí nù lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kan.

Ohun tó fà á nìyí. Aró inú páálí tó ní òun wà fún gbogbo aṣọ, àdàlù ni. Apá kan nínú rẹ̀ wà fún irun àgùntàn, sílíìkì àti náílọ́ọ̀nù, apá kejì wà fún òwú. Èyí tó wà fún òwú yẹn kò so mọ́ òwú, ó kàn wọlé lọ jókòó ni, gbogbo ìgbà tí o bá sì fọ̀ ọ́ ni díẹ̀ á máa dìde. Fíníkà kò sì rí òwú bá ṣe. Aró irun àgùntàn àti sílíìkì ló ń fẹ́ ohun kíkan.

Èyí tí ẹ ń wá ni aró tó ń so mọ́ òwú fúnra rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní fiber reactive. Procion MX ni àwa tí à ń rán kúìlìtì mọ̀ jù. Ọdún 1956 ni ilé iṣẹ́ ICI ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé irú aró yìí jáde fún títà, ọgọ́rùn-ún ọdún géérégé lẹ́yìn tí William Perkin, ọmọ ọdún 18, ń wá oògùn ibà nínú yàrá ìwádìí tó sì ṣèèṣì rí aró elésè àlùkò ní 1856. Kò sí sísè nínú tiwa yìí. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ti tó. Soda ash, ìyẹ̀fun funfun tí wọ́n tún ń pè ní sodium carbonate, ló ń mú kó so mọ́ òwú.

Ọwọ́Dúdú:

Ìyá ti sọ òótọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí èmi ṣe ń ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, torí ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣubú kì í ṣe inú aró, kí wọ́n tó débẹ̀ ni.

Ẹ kọ́kọ́ yẹ aṣọ wò. Ẹ kán omi sí i. Bí omi bá wọlé lójú ẹsẹ̀, ó dáa. Bí ó bá jókòó róbótó bí omi orí ewé kókò, nǹkan kan ti wà lára aṣọ yẹn tí kò ní jẹ́ kí aró wọlé. Bí aṣọ bá ń ṣe yín ní kàyéfì, ẹ fa òwú kan yọ lára rẹ̀, ẹ fi iná sí i lórí abọ́ irin. Òwú gidi á jó bíi bébà, eérú rẹ̀ á sì fẹ́lẹ́. Poliẹ́sítà á yọ́, á káwọ́ kò, á di kóró líle, èéfín rẹ̀ á dúdú. Aró yìí kò ní mú poliẹ́sítà láéláé. Bó bá jẹ́ àdàlù ìdajì sí ìdajì, ìdajì àwọ̀ náà lẹ ó rí.

Lẹ́yìn náà ẹ fọ̀ ọ́. Aṣọ funfun tí ẹ rò pé ó mọ́ yẹn, ẹ fi omi gbígbóná, ọṣẹ àti ṣíbí soda ash kan fọ̀ ọ́, kí ẹ wá wo omi tó máa jáde. Ti èmi rí bíi omi tíì. Ẹ má fi ohun tó ń mú aṣọ rọ̀ sí i o, òun náà máa ń lé aró sẹ́yìn. Fífọ̀ yìí á tún jẹ́ kí aṣọ sún kì kí ẹ tó gé e, kì í ṣe lẹ́yìn tí ẹ ti rán an tán.

Ẹ pò soda ash bíi gíráàmù 60 mọ́ lítà omi kan. Ẹ rẹ aṣọ sínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ fún un. Ẹ má da omi soda yẹn nù, ẹ bò ó pa mọ́ fún ìgbà mìíràn. Níwọ̀n ìgbà tí aró kò bá ti kán sí i, kì í bàjẹ́.

Ìwọ̀n aró: ẹ wọn aṣọ nígbà tó gbẹ. Fún gíráàmù 100 aṣọ, gíráàmù 2 sí 4 á fún yín ní àwọ̀ tó tẹ́ ojú lọ́rùn. Gíráàmù kan tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀ á fún yín ní èyí tó ṣì rọra hàn. Dúdú ló ń jẹ aró jù, ó lè tó gíráàmù 8, bí ẹ bá sì ṣahun sí i, á di àwọ̀ eérú. Ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ díẹ̀ pò ó bíi àṣáró kí ẹ tó da èyí tó kù sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á ṣù. Pupa ló máa ń ṣù jù, àmì rẹ̀ á sì wà káàkiri aṣọ bí ẹni pé ẹ̀fọn jẹ ẹ́.

Ẹ wá ki aṣọ tó ní soda lára sínú ike tàbí ọ̀rá, ẹ da aró lé e, ẹ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ kó wọ gbogbo ibi, ẹ dé e. Ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí 12 sí 24 níbi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Bí ibẹ̀ bá tutù ju 21°C lọ, aró á máa fà bí ìgbín, pàápàá búlúù tó fara jọ omi òkun, torí ó lọ́ra ju gbogbo wọn lọ.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fetí sí jù ni ṣíṣàn. Omi tútù ló kọ́kọ́ ń ṣíwájú, títí aṣọ kò fi ní máa yọ̀ lọ́wọ́ mọ́. Ìyẹn ni soda ti jáde. Ẹ̀yìn náà ni omi gbígbóná gan-an, 60°C ó kéré tán, pẹ̀lú ọṣẹ. Kí aṣọ jókòó sínú rẹ̀, kí ẹ dà á nù, kí ẹ tún un ṣe. Aró tí kò rí òwú so mọ́ pọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ, gbogbo rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ lọ. Kí n tó gé aṣọ kankan, mo máa ń fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná lọ ègé kan tó tutù lórí aṣọ funfun. Bí funfun bá yí àwọ̀, mo padà sídìí omi gbígbóná. Ká ní ẹ ti ṣe ìyẹn, ẹ̀gbọ́n, ẹ ò bá má sunkún.

Aláwọ̀Méje:

Ẹ fo iyọ̀ o, Ọwọ́Dúdú. Àwọn kan á kà á, wọ́n á ní iyọ̀ kò wúlò rárá.

Bí omi bá pọ̀ tí aṣọ ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀, iyọ̀ ló ń lé aró kúrò nínú omi lọ sára aṣọ. Ẹni tó bá fẹ́ kí aṣọ rẹ̀ dọ́gba délẹ̀délẹ̀ gbọ́dọ̀ lò ó, kó má sì dákẹ́ rírò, kó fi soda sí i lẹ́yìn bíi ìlàjì wákàtí. Ọ̀nà tiyín tí ẹ fi omi díẹ̀ ṣe yẹn kò nílò rẹ̀, torí aró kò níbi tó ń lọ.

Ọwọ́Dúdú:

Mo gbà. N kì í ṣe èyí tó dọ́gba rárá ni. Èyí tó dọ́gba, ilé iṣẹ́ á ṣe é ju èmi lọ. Èyí tó ní ibi dúdú ibi títàn bíi ojú ọ̀run tó ṣú ni mo ń wá.

AbẹrẹKan:

Ẹ dárí jì mí pé mo fẹ́ sọ ti ara mi. Mo fi gbogbo kúìlìtì tí mo ti rán tán bọnú aró láti bo àbùkù kan. Òwú poliẹ́sítà ni mo fi rán an. Aṣọ di búlúù bíi alẹ́, ojú ìrán gbogbo sì funfun gbòò bí eyín ọmọdé. Inú bí mi fún ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹrin mo rí i pé ó dáa. Ní báyìí ṣe ni mo ń mọ̀ọ́mọ̀ fi òwú poliẹ́sítà rán àwọn kan torí aró tó ń bọ̀.

Bí ẹ bá máa ṣe irú rẹ̀, ẹ rántí pé ohun rírọ̀ tí a tẹ́ sáàárín rẹ̀ náà ń mu aró bó bá jẹ́ òwú. Ẹ wọ̀n ọ́n mọ́ aṣọ kí ẹ tó mọ iye aró tí ẹ ó lò. Ṣíṣàn rẹ̀ á gba ọjọ́ kan odindi.

OlóǹtẹPátákó:

Mo ti ń dúró kí ẹnì kan bi mí léèrè títẹ.

Ọ̀nà méjì ló wà, ẹ má da wọn pọ̀. Àkọ́kọ́ ni ọ̀dà aṣọ. Orí aṣọ ló ń jókòó sí, gọ́ọ̀mù inú rẹ̀ ló ń dì í mú, áyọ́ọ̀nù gbígbóná ló sì ń sọ ọ́ di alálòpẹ́. Ó rọrùn, ó lè mú aṣọ èyíkéyìí títí kan poliẹ́sítà, ọjọ́ kan náà lẹ ó sì rí èrè iṣẹ́ yín. Àbùkù rẹ̀ ni pé ó máa ń mú aṣọ le. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọwọ́ rán, ẹ ó mọ̀ ọ́n lára nígbà tí abẹ́rẹ́ bá kọ̀ láti wọlé. Ẹ má fi tẹ gbogbo ojú aṣọ, ẹ jẹ́ kí àyè wà láàárín.

Ọ̀nà kejì ni aró tó ki, èyí tó ń wọ inú òwú tí aṣọ sì ń rọ̀ bíi pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Procion MX kan náà ni, ẹ fi sodium alginate mú un ki. Inú ewéko òkun ni wọ́n ti ń rí i. Ẹnì kan á béèrè pé ṣé ìyẹ̀fun tàbí sítáàṣì kò lè ṣe é. Mo ti dán an wò. Sítáàṣì àti òwú, ìdílé kan náà ni wọ́n, aró kò sì mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Sítáàṣì ni aró á lọ so mọ́, ẹ ó sì ṣan àwọ̀ yín dànù pẹ̀lú rẹ̀. Alginate ni aró kì í fi bẹ́ẹ̀ yà sí. Ẹ fi urea díẹ̀ sí i kó má bàa tètè gbẹ, torí aró tó bá ti gbẹ ti ṣíwọ́ iṣẹ́. Ẹ bo aṣọ náà mọ́nú ọ̀rá títí di ọjọ́ kejì.

Òǹtẹ̀ fúnra rẹ̀ kò le. Rọ́bà ìpàwérẹ́ ti tó láti gbẹ́ ọnà kékeré. Fọ́ọ̀mù tí ẹ gé, tí ẹ lẹ̀ mọ́ igi, á ṣe ńlá. Okùn tí ẹ wé mọ́ pátákó á fún yín ní ìlà tó rí bíi òjò. Ẹ̀bẹ̀ méjì ni mo bẹ̀ yín. Ẹ má rì òǹtẹ̀ bọnú ọ̀dà, kànrìnkàn ni kí ẹ fi tọ́ ọ sí i fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ẹ sì má tẹ̀ lórí tábìlì gbalasa. Ẹ tẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, kí ẹ fi ọ̀rá bò ó, kí aṣọ wà lórí rẹ̀. Ohun tó rọ̀ lábẹ́ ló ń jẹ́ kí òǹtẹ̀ kàn aṣọ níbi gbogbo. Ọdún kan ni mo fi ń dá òǹtẹ̀ lẹ́bi, tábìlì ni kò jẹ́.

Bí ẹ bá fẹ́ sikirîni, ìyẹn aṣọ oníhò wẹ́wẹ́ tí a nà, tí ọ̀dà ń gbà kọjá láti tẹ ọnà, láìra sikirîni, ẹ na aṣọ kọ́tìnì tó fẹ́lẹ́ sára òrùka igi tí a fi ń na aṣọ fún iṣẹ́ abẹ́rẹ́. Ẹ fi pẹ́ńsù ya ọnà sí i. Ibi tí ẹ kò fẹ́ kí ọ̀dà gbà kọjá, ẹ fi gọ́ọ̀mù tí omi kò lè tú nígbà tó bá gbẹ kùn ún. Ẹ fi káàdì àtijọ́ fa ọ̀dà kọjá lórí rẹ̀. Ẹ fọ̀ ọ́ kíákíá, bí ọ̀dà bá gbẹ sójú ihò, ó parí nìyẹn.

OòrùnỌ̀sán:

Ẹ ò tíì dárúkọ oòrùn.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni títẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ ń ṣe, cyanotype. John Herschel, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló gbé e kalẹ̀ ní 1842, nígbà tó sì fi máa di 1843 Anna Atkins ti fi ń tẹ àwòrán ewéko òkun. Kẹ́míkà méjì tó ní irin nínú ni, ferric ammonium citrate àti potassium ferricyanide. Ẹ pò ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ omi lọ́tọ̀, ẹ dà wọ́n pọ̀ níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò pọ̀, ẹ fi kùn aṣọ òwú, ẹ jẹ́ kó gbẹ nínú òkùnkùn. Ẹ to ewé, ìyẹ́, léèsì, ohunkóhun tó bá wù yín sórí rẹ̀, ẹ fi gíláàsì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ gbé e sóòrùn. Ibi tí oòrùn bá dé á di búlúù, ibi tí ewé bò á funfun lẹ́yìn tí ẹ bá fi omi lásán ṣàn án. Bí ẹ bá rí i pé búlúù náà ṣì ń ṣe fúyẹ́fúyẹ́ lẹ́yìn tí ẹ ṣàn án tán, ẹ má kánjú dà á nù. Tó bá fi gbẹ tán, á jinlẹ̀ sí i.

Ìkìlọ̀ kan wà fún àwọn tó máa fi rán kúìlìtì: soda àti ọṣẹ tó le máa ń pa búlúù yìí, á di yẹ́lò wọ́ọ̀, bílíìṣì (bleach) tí a fi ń fọ aṣọ funfun náà sì máa pa á. Ẹ má rán an mọ́ kúìlìtì tí ẹ mọ̀ pé wọ́n á máa fọ̀ lójoojúmọ́. Èmi fi ṣe èyí tó ń kọ́ sí ògiri.

ÀkísàDọ̀ṣọ́:

Ẹ ṣé, ẹ ṣé, ẹ ṣé. Mo ti fi omi gbígbóná rẹ kúìlìtì náà lẹ́ẹ̀mejì, omi àkọ́kọ́ pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, èkejì rí bí òdòdó. Mo ń bá a lọ.

Ìbéèrè kan. Ọ̀rẹ́ wa kan ní òun fẹ́ ṣe òdìkejì, kó mú aṣọ dúdú, kó fi bílíìṣì yọ ọnà jáde lára rẹ̀. Ó ní lẹ́yìn náà fíníkà lòun á fi dá a dúró. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

ÌyáAláró:

Rárá! Sọ fún un kó gbé fíníkà yẹn sílẹ̀ báyìí. Bílíìṣì àti ohun kíkan kò gbọ́dọ̀ pàdé. Gáàsì chlorine ló ń jáde níbẹ̀, ó sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Àìmọye ibi ni mo ti rí i tí wọ́n kọ ọ́ pé fíníkà ló ń dá a dúró. Kì í dá a dúró. Ohun tó ń dá a dúró ni sodium thiosulfate tí wọ́n pò mọ́ omi, tàbí hydrogen peroxide irú èyí tí a fi ń nu ojú egbò. Kó kọ́kọ́ fi omi lásán ṣan aṣọ, kó tó rì í bọ̀ ọ́. Omi lásán nìkan kò tó. Bílíìṣì tó kù sínú aṣọ á máa jẹ òwú díẹ̀díẹ̀, ní ọdún kejì ihò á yọ níbi tí ọnà wà.

Ìta ni kó ti ṣe é. Kó po bílíìṣì náà mọ́ omi, ọ̀kan sí ọ̀kan tàbí kí omi pọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Kó má gbé sílíìkì tàbí irun àgùntàn sún mọ́ ọn, ńṣe ló máa yọ́ wọn. Kó sì kọ́kọ́ dán ègé kan wò, torí dúdú kò rí bákan náà nísàlẹ̀: òmíràn á pupa rúsúrúsú, òmíràn á dà bí eérú, òmíràn kò sì ní yí padà rárá.

Níwọ̀n ìgbà tí mo ti wà lórí ìbínú, ẹ jẹ́ kí n parí rẹ̀. Aró tó ṣì wà ní lẹ́búlẹ́bú kì í ṣe ohun tí à ń fà símú. Ó lè jẹ́ kí ara ẹni máa kọ̀ ọ́, tí èémí á máa há nígbàkígbà tí ẹ bá tún sún mọ́ ọn. Ìbòmú tó dáa ni kí ẹ fi ṣí i, kí ẹ tẹ́ bébà tútù sábẹ́ rẹ̀ kó mú èyí tó bá fò. Tó bá ti wọ inú omi, ewu yẹn ti kúrò. Ìkòkò àti ṣíbí tí ẹ bá lò kò gbọ́dọ̀ padà sílé ìdáná láé. Soda ash náà ń jẹ ọwọ́, ẹ wọ ìbọ̀wọ́.

Aláwọ̀Méje:

Ní ti ẹ̀yin márùn-ún nínú ilé kan: ẹ pín iṣẹ́ kí ẹ tó pàdé. Ẹnì kan ṣoṣo ni kó po aró, ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣíwájú, kó wà nínú ìgò tó ní ìdérí. Láìsí soda nínú rẹ̀ á dára fún bí ọ̀sẹ̀ kan nínú fíríìjì tí kì í ṣe ti oúnjẹ. Tí soda bá ti kàn án, ẹ ti ní wákàtí díẹ̀ péré. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn pé kí soda wà lára aṣọ, kí aró wà nínú ìgò.

Kí olúkúlùkù mú àwọ̀ kan, kí ó sì sọ ọ́ di ìpele mẹ́jọ. Ìgò àkọ́kọ́ ni aró tó ki jù. Ẹ bu ìdajì rẹ̀ sínú ìgò kejì, ẹ fi omi kún un dé ibi tí ti àkọ́kọ́ dé tẹ́lẹ̀, ẹ bu ìdajì èyí sí ìkẹta, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé ìkẹjọ. Ègé aṣọ kan náà nínú ìgò kọ̀ọ̀kan. Tí ẹ̀yin márùn-ún bá ṣe bẹ́ẹ̀, ogójì àwọ̀ ló wà nílẹ̀, tí olúkúlùkù bá sì ti pín ègé tirẹ̀ sí márùn-ún, gbogbo yín á lọ sílé pẹ̀lú ogójì. Kúìlìtì tó ní òkùnkùn àti ìmọ́lẹ̀ kò ṣòro rán mọ́ nígbà náà.

Ìwé kò lè dúró nínú aró, nítorí náà etí aṣọ ni mo máa ń gé lámì. Gígé kan fún ìpele kìíní, méjì fún ìkejì. Tí mo bá gbàgbé, èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi á jókòó máa jiyàn lórí yẹ́lò méjì.

Tí ẹ bá ní áìsì, ẹ tò ó sórí aṣọ tó ti mu soda, lórí àsẹ́ tí omi lè gbà jò, kí ẹ wá wọ́n aró lẹ́búlẹ́bú sórí áìsì náà. Bó ṣe ń yọ́ ló ń gbé aró sọ̀kalẹ̀. Àwọ̀ tó jẹ́ àdàlù á túká sí ohun tí wọ́n fi pò ó. Dúdú kan tí mo lò báyìí, búlúù, elésè àlùkò àti àwọ̀ ọsàn ló jáde nínú rẹ̀. Ẹ má gbìyànjú láti ṣe irú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, kò ní bá a mu.

AbẹrẹKan:

Elú ńkọ́? Ẹnikẹ́ni ò dárúkọ elú.

ÌyáAláró:

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á béèrè. Elú yàtọ̀ sí gbogbo èyí tí a ti sọ. Kì í yòrò nínú omi. Ẹ gbọ́dọ̀ gba afẹ́fẹ́ kúrò nínú omi rẹ̀ kó tó di yẹ́lò tó jọ ewé, kó tó lè wọ inú aṣọ. Ìgbà tí aṣọ bá jáde síta tí afẹ́fẹ́ kàn án ló ń di búlúù lójú yín. Èyí tó rọrùn fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ ni ìlànà ọ̀kan-méjì-mẹ́ta tí aláró kan, Michel Garcia, fi kọ́ àwọn ènìyàn: elú lẹ́búlẹ́bú ìwọ̀n kan, calcium hydroxide ìwọ̀n méjì, fructose tí í ṣe ṣúgà inú èso ìwọ̀n mẹ́ta, nínú omi gbígbóná. Ẹ rò ó pẹ̀lẹ́, ẹ jẹ́ kó jókòó. Tí ojú rẹ̀ bá ń dán bíi bàbà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ yẹ́lò, ó ti ṣetán.

Ẹ rì aṣọ bọ̀ ọ́ pẹ̀lẹ́, kó má gbé afẹ́fẹ́ wọlé, ẹ yọ ọ́, ẹ gbé e sáfẹ́fẹ́, ẹ tún rì í. Ẹ̀ẹ̀kan gígùn kò tó ẹ̀ẹ̀mẹ́fà kúkúrú. Ọ̀rọ̀ elú nínú kúìlìtì ni pé orí òwú ló ń dúró sí, ó sì máa ń ra síta. Ẹni tó bá fi ọwọ́ rán an, ìka rẹ̀ á di búlúù. Tí ẹ bá ti rẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà tí ẹ sì fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ dáadáa, á dín kù. Ẹ má rán an mọ́ funfun kí ẹ tó fi aṣọ funfun ra á wò.

ÀkísàDọ̀ṣọ́:

Mo padà dé o. A ti pàdé lẹ́ẹ̀mejì.

Kúìlìtì mi ti là, ẹ̀ẹ̀mẹrin ló gbà. Igun kan ṣì ní pupa bíi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ tuntun, mo ti fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìpele mẹ́jọ yẹn ṣiṣẹ́ fún wa, àyàfi ẹni tó mú búlúù omi òkun. Ibi tó tutù ló gbé tirẹ̀ sí, gbogbo mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ sì jáde bí ìbejì. Ó tún un ṣe, ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé ìgò, ó dára. Títẹ̀ lórí ohun tó rọ̀, OlóǹtẹPátákó, Ọlọ́run á san án fún yín. A ti ń bínú sí òǹtẹ̀ kí a tó ka ọ̀rọ̀ yín. Aró tó ki, a kò tíì mọ̀ ọ́n ṣe, tiwa ṣàn jáde kọjá ìlà.

Mo fẹ́ béèrè nǹkan kan tí kò sí nínú gbogbo èyí. Aṣọ funfun kan wà tí a fi ń nu tábìlì ní gbogbo ọjọ́ náà. Soda wà lára rẹ̀, àwọ̀ gbogbo wa wà lára rẹ̀, a ti ṣàn án, kò sì tú mọ́. Òun ló rẹwà jù nínú gbogbo ohun tí a ṣe, gbogbo wa la sì fẹ́ ẹ. Báwo ni ẹ̀yin ṣe ń pín irú rẹ̀?

AbẹrẹKan:

Ẹ gé e sí márùn-ún. Kí ẹni tó mú búlúù omi òkun kọ́kọ́ mú tirẹ̀.

OlóǹtẹPátákó:

Aró tó ṣàn yẹn, alginate ló kéré. Ẹ jẹ́ kó sùn di ọjọ́ kejì kí ẹ tó lò ó, á ki sí i. Ó yẹ kó máa já bọ́ lára ṣíbí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí oyin, kó má ṣàn bí omi. Tí aṣọ yín bá sì ṣì tutù nítorí soda, ẹ jẹ́ kó gbẹ pátá ná kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́.